Yanagawa: Ìlú Tí Kò Jẹ́ Kí Omi Rẹ̀ Pa Rẹ́

Ìlú tí mo fẹ́ ká jọ fẹsẹ̀ kan dé lónìí ni Yanagawa, ní erékùṣù Kyushu, lórílẹ̀-èdè Jàpáànù. Odò igi willow ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀.

Àwọn ará ìgbàanì ló fọwọ́ gbẹ́ ipa omi yí ìlú náà ká, láti fi dáàbò bo ilé olódi olóyè wọn, kí wọ́n sì fi bomi rin oko ìrẹsì. Lónìí, ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní donkobune ló ń gbé àlejò kiri lórí ẹ̀. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá gígùn ni atukọ̀ fi ń tì í, á sì máa kọrin fún yín. Tẹ́ ẹ bá dé abẹ́ afárá tó lọ sílẹ̀, gbogbo yín lẹ máa tẹrí ba, àtolówó àti tálákà!

Tébi bá wá ń pa yín, ẹ bèèrè seiro-mushi. Ẹja unagi tó gùn bí ejò ni wọ́n máa ń sun, wọ́n á fi ọbẹ̀ sóyà tó dùn kùn ún, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ìrẹsì nínú àpótí onígi. Ooru omi ló máa sè é, bí a ti ń se mọ́ínmọ́ín. Ẹyin díndín tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbẹ̀yìn lórí ẹ̀.

Bí ọdún àwọn ọmọbìnrin bá dé lóṣù kẹta, ìdílé tó bí ọmọbìnrin á so bèbí kéékèèké àti bọ́ọ̀lù olówùú aláràbarà rọ̀ sínú ilé, kí ọmọ náà lè dàgbà láyọ̀. Sagemon lorúkọ ẹ̀.

Ẹ gbọ́ o, díẹ̀ ló kù kí omi tó so ìlú yìí ró di ìtàn. Láyé àtijọ́, inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń pọn omi mímu ní kùtùkùtù. Nígbà tí omi ẹ̀rọ dé, wọ́n kẹ̀yìn sí i. Pàǹtírí dí i, ẹ̀fọn pọ̀, òórùn gbòde. Nígbà tó fi máa di 1977, ètò ti wà nílẹ̀ láti dí ọ̀pọ̀ lára ẹ̀ pa. Hiromatsu Tsutae, òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú tí iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́, ló tọ olórí ìlú lọ. Ó ní ipa omi wọ̀nyí ló ń gba òjò dúró. Tí wọ́n bá dí i, àgbàrá á wọlé, ilẹ̀ á sì máa rì. Olórí ìlú dá ètò náà dúró.

Hiromatsu ń ti ìpàdé àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn, títí aráàlú fi wọ inú ẹrẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kó o. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà! Ní 1987, Takahata Isao ṣe fíìmù nípa ẹ̀. Títí dòní, lóṣù kejì ọdọọdún, wọ́n ń fa omi náà gbẹ kí wọ́n lè tún un ṣe.

Ẹ̀yin ará, ohun tí wọ́n fẹ́ fi iyẹ̀pẹ̀ bò nígbà náà làwọn èèyàn ń sanwó wá wò báyìí. Nítorí náà, ká tó sọ pé ká dí odò tiwa ká fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa: ta ló sọ ọ́ di ààtàn? Ọwọ́ tó da ìdọ̀tí síbẹ̀ náà ló lè kó o kúrò.