Ẹ Ti Wọlé, Àmọ́ Fáìlì Yín Ò Mọ̀ Yín

Ìbéèrè kan tó wọlé sí wa ni mo fẹ́ fi gbogbo àsìkò tòní dáhùn. Ẹni tó béèrè ní òun máa ń lo ssh wọ kọ̀ǹpútà yunifásítì òun láti ilé. Kọ̀ǹpútà á gbà á, á kí i káàbọ̀, gbogbo ẹ̀ á lọ geerege. Tó bá wá ní kóun ṣí fáìlì tóun fọwọ́ ara òun kọ lánàá, wọ́n á ní Permission denied. Nínú fódà tiẹ̀ fúnra ẹ̀! Ó ti wọlé tán, àmọ́ yàrá ẹ̀ ò ṣí.

Nígbà tí mo rí i pé fáìlì ẹ̀ wà lábẹ́ /afs, mo ti mọ ibi tọ́rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí AFS jẹ́.

Ní Carnegie Mellon University, ní ìlú Pittsburgh lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan pẹ̀lú IBM níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Wọ́n pe iṣẹ́ náà ní Andrew, torí àwọn méjì tí yunifásítì náà ń jẹ́ orúkọ wọn, Andrew Carnegie àti Andrew Mellon. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí nínú ọgbà, kó sì bá fáìlì ẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Andrew File System ti jáde. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Transarc ló wá ń tà á, IBM ra Transarc, nígbà tó sì di ọdún 2000, IBM gbé kóòdù ẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ìyẹn ni OpenAFS tí wọ́n ń lò títí dòní.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni ẹni tó ń gbà gbọ́. NFS àtijọ́, kọ̀ǹpútà oníbàárà ló máa ń gbà gbọ́. Bí kọ̀ǹpútà yẹn bá sọ pé ẹni tó wà lọ́dọ̀ òun ni nọ́ńbà 1001, server á ní ó dáa, ẹ máa bọ̀. Àwọn tó ṣe AFS ò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà tó wà níwájú akẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ lè tú u palẹ̀, ó lè sọ ara ẹ̀ di root lórí ẹ̀. Torí náà, root orí kọ̀ǹpútà yín ò jẹ́ nǹkan kan lójú AFS. Ọba ni root nílé ẹ̀, àmọ́ tó bá dé ẹnu ọ̀nà AFS, àlejò ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ẹ máa rí i bó ṣe ń bí wàhálà.

Tí kì í bá ṣe kọ̀ǹpútà ni AFS gbà gbọ́, ta ló wá gbà gbọ́? Kerberos ni. Ní MIT ni wọ́n ti ṣe ìyẹn, lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Project Athena, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1983. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ dà bí òde ìnáwó ńlá. Ẹ dé ẹnu géètì, ẹ fi ìwé ìkésíni hàn, wọ́n so nǹkan mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ ò tún ní fi ìwé ìkésíni hàn ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ máa fi ohun tó wà lọ́wọ́ yín gba tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ, ẹ fi gba tíkẹ́ẹ̀tì ohun ìrántí. Páásíwọ́ọ̀dù yín ni ìwé ìkésíni, ohun tí wọ́n so mọ́ yín lọ́wọ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí kinit ń gbà fún yín, tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ sì ni èyí tẹ́ ẹ fẹ́ mú lọ sọ́dọ̀ AFS. Kò síbi tí páásíwọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ ti rìn kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Àmọ́ níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ibi tí tíkẹ́ẹ̀tì Kerberos wà yàtọ̀ síbi tí AFS ń wò. Tíkẹ́ẹ̀tì sábà máa ń wà nínú fáìlì kékeré kan lábẹ́ /tmp. AFS ò ní lọ yẹ /tmp wò. Inú kernel ló ń wò, ohun tó sì ń wá níbẹ̀ ni token. Ètò kan tó ń jẹ́ aklog ló máa ń gba tíkẹ́ẹ̀tì AFS lọ́wọ́ Kerberos, táá sọ ọ́ di token, táá sì gbé e fún kernel. Torí náà tẹ́ ẹ bá tẹ klist tẹ́ ẹ rí tíkẹ́ẹ̀tì rẹpẹtẹ, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ tẹ tokens. Tí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, àlejò lẹ jẹ́.

Nígbà náà, token inú kernel, ta ló ni ín? Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà oníṣe yín ni kernel máa so ó mọ́. Ìyẹn ni pé root tó bá lo su láti di ẹ̀yin á kàn jogún ẹ̀ ni. Ohun tó dáa jù ni PAG. Bí àmì ìdílé ni: nígbà tẹ́ ẹ bá wọlé, kernel á fún yín ní nọ́ńbà kan, gbogbo ètò tí ẹ bá bí látibẹ̀ á máa jogún nọ́ńbà yẹn, mọ́ nọ́ńbà yẹn sì ni token so. Lórí Linux, tẹ́ ẹ bá tẹ id tẹ́ ẹ rí group kan tí nọ́ńbà ẹ̀ gùn gbọọrọ tí kò lórúkọ, PAG yín nìyẹn. Mo ti rí ẹni tó rò pé wọ́n ti já wọ kọ̀ǹpútà òun nítorí nọ́ńbà yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bójú tó kọ̀ǹpútà, PAM lẹ máa fi so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ní apá auth, pam_krb5 á gba páásíwọ́ọ̀dù, á bá Kerberos sọ̀rọ̀, á gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ní apá session, pam_afs_session, tí Russ Allbery kọ nígbà tó wà ní Stanford University, á dá PAG sílẹ̀, á sì pe aklog. Ó gbọ́dọ̀ ṣe é kí ohunkóhun tó fọwọ́ kan fódà oníṣe. Ẹ má sì gbàgbé láti fún kọ̀ǹpútà náà ní keytab tiẹ̀. Tí kò bá ní, kò ní ohun tó lè fi mọ̀ bóyá Kerberos tòótọ́ ló dá òun lóhùn. Ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn lè pera ẹ̀ ní Kerberos, kó sì ní páásíwọ́ọ̀dù èké tí òun fúnra òun tẹ̀ tọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọn ò ṣe èyí, ọ̀lẹ lásán ni mo kà á sí.

Ó yá, ká padà sọ́dọ̀ olùgbọ́ wa. Kọ́kọ́rọ́ ssh ló fi ń wọlé, kì í ṣe páásíwọ́ọ̀dù. Kọ́kọ́rọ́ ssh dáa púpọ̀, èmi náà ń lò ó. Àmọ́ Kerberos ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. sshd gbà pé ẹni tó ń bọ̀ ni olóhun, ó ṣílẹ̀kùn, kò sì sí páásíwọ́ọ̀dù tí pam_krb5 máa fi gba tíkẹ́ẹ̀tì. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, aklog ò rí nǹkan ṣe, kò sí token. Ìdí tó fi wọlé tí yàrá ò ṣí nìyẹn.

Kódà ìṣòro mìíràn wà kó tó débẹ̀. sshd gbọ́dọ̀ ka authorized_keys nínú fódà ẹni náà kó tó gbà á wọlé. Ẹ rántí pé àlejò ni root. Kí sshd tó lè rí i kà, àfi kí wọ́n ṣí fódà .ssh fún system:anyuser, ìyẹn ni gbogbo ayé. Àṣẹ AFS sì jẹ́ ti fódà, kì í ṣe ti fáìlì kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ṣí .ssh kí wọ́n lè rí authorized_keys, ẹ ti ṣí kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ náà nìyẹn. chmod 600 ò ní gbà yín sílẹ̀ níbẹ̀, AFS kì í wo ti ẹgbẹ́ àti ti àwọn mìíràn. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ nínú AFS, kó yẹ fódà yẹn wò pẹ̀lú fs listacl kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun tí mo sọ fún un ni pé kó gba tíkẹ́ẹ̀tì láti ilé, lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀, pẹ̀lú kinit -f. Kó wá sọ fún ssh pé GSSAPIAuthentication yes àti GSSAPIDelegateCredentials yes. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn á bá a rìn dé ọ̀hún, pam_afs_session á sọ ọ́ di token. Kó má sì kọ ọ́ fún gbogbo kọ̀ǹpútà o, kó dárúkọ èyí tó fọkàn tán. Ẹni tó bá jẹ́ root níbi tẹ́ ẹ gbé tíkẹ́ẹ̀tì lọ lè lò ó bí ẹ̀yin.

Ọ̀rọ̀ tó tún wà lọ́kàn mi ni ti iṣẹ́ tó máa ń pẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wákàtí 10 ni wọ́n ń fún tíkẹ́ẹ̀tì kó tó kú, ìgbà tí tíkẹ́ẹ̀tì bá sì kú ni token ń kú. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé gbé ìṣirò kan kalẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó lọ sílé. Ìṣirò náà ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ Àìkú. Kò dúró, kò pariwo. Nígbà tó dé lọ́jọ́ Ajé, fáìlì àbájáde ò ní nǹkan kan nínú, òdo báìtì. Ọjọ́ méjì gbáko ti kọjá, ọ̀gá ẹ̀ sì ń retí àwọn nọ́ńbà yẹn.

Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? AFS kì í gbé gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kọ lọ sí server lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń kó o jọ sórí kọ̀ǹpútà yín, ìgbà tí ètò bá ti fáìlì náà ló ń gbé e lọ. Ọjọ́ Ẹtì ni ètò ọ̀rẹ́ mi ṣí fáìlì ẹ̀, nígbà tí token ṣì wà láàyè. Gbogbo write tó ṣe lọ dáadáa. Ọjọ́ Àìkú ló wá ti fáìlì, ibẹ̀ ni server ti ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Àṣìṣe náà jáde látọ̀dọ̀ close, mélòó nínú wa tá à ń kọ ètò ló sì máa ń yẹ ohun tí close bá sọ wò? Ẹni tó kọ ètò yẹn ò yẹ ẹ́ wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ètò, ẹ máa yẹ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ sì máa lo fsync lóòrèkóòrè.

Fún ọjọ́ mélòó kan, krenew -t dáa. Ó máa ń sọ tíkẹ́ẹ̀tì dọ̀tun, á sì tún pe aklog, níwọ̀n ìgbà tí Kerberos ibẹ̀ bá gbà kẹ́ ẹ sọ ọ́ dọ̀tun. Tó bá máa ju bẹ́ẹ̀ lọ, k5start pẹ̀lú keytab ni. Páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni keytab, nítorí náà orí díìsì kọ̀ǹpútà yẹn ni kó wà, kò gbọ́dọ̀ wà nínú AFS. Ẹ má sì lo orúkọ yín gangan. Ẹ gba orúkọ mìíràn fún iṣẹ́ náà, kẹ́ ẹ fún un láṣẹ lórí fódà kan ṣoṣo. Ẹ tún ṣọ́ra fún nohup: iṣẹ́ tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nínú PAG tẹ́ ẹ fi wọlé, tẹ́ ẹ bá jáde, PAM lè pa token PAG yẹn rẹ́, kó sì pa iṣẹ́ náà lára. Tẹ́ ẹ bá fi krenew bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀, á dá PAG tiẹ̀ sílẹ̀.

Láyé systemd yìí, ẹ tún lè rí i pé ẹ ní token nínú ssh, àmọ́ fèrèsé terminal orí GNOME ò ní. Kì í ṣe ọmọ ìgbà tẹ́ ẹ wọlé ni terminal yẹn, systemd --user ló bí i, kò sì jogún PAG yín. Mi ò fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ṣe é, àmọ́ bó ṣe wà nìyẹn. Ẹ tẹ aklog níbẹ̀.

Fún àwọn alábòójútó nìkan: kọ́kọ́rọ́ cell yín. Títí di ọdún 2013, DES lásán ni AFS ń lò fún un, bẹ́ẹ̀ àjọ EFF ti fi ẹ̀rọ já DES láàárín wákàtí 56 lọ́dún 1998. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ yẹn lè tẹ token èyíkéyìí jáde, títí kan ti ọ̀gá àgbà. OpenAFS 1.6.5 ló jẹ́ ká lè lo èyí tó lágbára jù. Tí cell yín bá ṣì wà lórí ti àtijọ́, ẹ pa ìyókù iṣẹ́ òní tì, ẹ lọ pààrọ̀ ẹ̀.

Ẹ̀yin tí iná ń ṣe ségesège lọ́dọ̀ yín náà, tí bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà ti kú, ẹ wo aago. Tí aago yín bá fi ju ìṣẹ́jú 5 yàtọ̀ sí ti Kerberos, kò ní dá yín lóhùn, ó sì lè jẹ́ páásíwọ́ọ̀dù lẹ máa máa bínú sí.

Olùgbọ́ wa, ẹ bá mi tẹ klist, tokens, id, àti fs listacl lórí fódà yín, kẹ́ ẹ fi ohun tó bá jáde ránṣẹ́. Ẹ yọ orúkọ yín kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ o. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, NFSv4 pẹ̀lú Kerberos la máa sọ, torí mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń múra láti bá mi jà lórí ohun tí mo sọ nípa NFS. Ó dìgbà kan ná.