Ètò Ayàwòrán-Ilẹ̀ Tí A Rà àti Èyí Tí Ó Jẹ́ Ọ̀fẹ́: Èwo Ni Ó Yẹ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ àwòrán ilẹ̀ tí a ń fi kọ̀ǹpútà yà. Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn awọnlẹ̀ àti àwọn akọ̀wé ìjọba nìkan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí Ìjọba Ìbílẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ bá fi ra ohun èlò yìí, owó gbogbo ènìyàn ni. Bí àwòrán náà bá sì ṣìnà, tàbí tí ó bá di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣí mọ́, ìpalára rẹ̀ kì í mọ sí inú ọ́fíìsì.

Láyé àtijọ́, pèrègún ni àwọn baba ń gbìn sí ààlà oko. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí oko rẹ̀ parí sí yóò wo pèrègún, yóò sì bi àgbà léèrè. Bí àgbà bá kú, tí iná sì jó pèrègún, ìjà dé. Àwòrán orí ìwé dé lẹ́yìn náà, ó sì ṣe ìrànlọ́wọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwé a máa gbó, ikán a sì máa jẹ ẹ́. Láàárín ọdún 1960 sí 1969 ni àwọn onímọ̀ ní Kánádà, tí Roger Tomlinson ṣe olórí wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwòrán ilẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà.

Báwo ni ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ fi ojú inú wo ẹni tí ó ní gíláàsì pẹlẹbẹ mẹ́rin. Ó ya odò sí ọ̀kan, ó ya ọ̀nà sí èkejì, ó ya ilé sí ẹ̀kẹta, ó sì ya oko sí ẹ̀kẹrin. Bí ó bá tò wọ́n lé ara wọn, yóò rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà ṣe ń to àwòrán lé àwòrán. Lẹ́yìn náà ni ènìyàn lè bi í ní ìbéèrè: ilé mélòó ni ó jìnnà sí kànga ju kìlómítà kan lọ? Oko wo ni ó ti wọ inú igbó ọba?

Ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré. Àgbègbè méjèèjì yìí wà lára ibi tí ibà Lassa, tí eku ń gbé kiri, ti ń yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu jùlọ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá mọ wọ́ọ̀dù tí àìsàn náà ti ń jáde lemọ́lemọ́, wọn yóò mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ní apá òkè ilẹ̀ Nàìjíríà, àwòrán ilẹ̀ bí irú èyí ni ó ran àwọn tí ń fún ọmọ ní àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ lọ́wọ́ láti rí àwọn abúlé tí wọ́n ti ń fò kọjá tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2020 ni a kéde pé oríṣi àrùn náà tí kì í ti ara àjẹsára wá ti kúrò ní ilẹ̀ Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ kòkó náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 2023 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó tí yóò wọ ọjà wọn gbọ́dọ̀ ní àmì tí ó fi ibi tí oko rẹ̀ wà hàn, kí ó lè dájú pé a kò pa igbó run láti gbìn ín. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kò ní dúró de ọjọ́ náà. Oko tí kò bá ju hẹ́kítà 4 lọ, àmì kan ṣoṣo tó o. Èyí tí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, a gbọ́dọ̀ ya ààlà rẹ̀ yíká.

Ohun èlò wo wá ni kí a fi ṣe iṣẹ́ yìí? Oríṣi méjì ni ó wà.

Èkínní ni ti oníṣòwò. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jùlọ nínú rẹ̀ ni ArcGIS. Ilé-iṣẹ́ Esri ni ó ń ṣe é, èyí tí Jack Dangermond àti ìyàwó rẹ̀ Laura dá sílẹ̀ ní Redlands, ní California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1969. Ìwé àṣẹ ni a ń san owó fún, ìwé àṣẹ náà a sì máa ní ọjọ́ tí yóò tán. Òkè òkun ni ó ti ń wá, nítorí náà bí náírà bá rẹlẹ̀, iye rẹ̀ a gòkè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò náà kò yàtọ̀ sí ti àná.

Èkejì ni ti ọ̀fẹ́. Èyí tí a mọ̀ jùlọ nínú rẹ̀ ni QGIS. Ọkùnrin kan tí a ń pè ní Gary Sherman ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Alaska ní ọdún 2002. Lónìí, àwọn ènìyàn láti ilẹ̀ púpọ̀ ni ó ń jùmọ̀ tún un ṣe, bí ìgbà tí ará ìlú bá ń ṣe ọ̀wẹ̀. Ìwé òfin rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní àyè láti lò ó, láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹlòmíràn, àti láti yẹ inú rẹ̀ wò kí ó sì tún un ṣe. Kò ní ọjọ́ tí àṣẹ rẹ̀ ń tán.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ nípa méjèèjì. Ti oníṣòwò ní ilé-iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ ìpè nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, ó sì ní àwọn irinṣẹ́ tí a ti tò jọ fún iṣẹ́ ńlá tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń ṣe pọ̀. Bí iṣẹ́ bá tóbi tó bẹ́ẹ̀, tí owó ọdọọdún sì dájú, kò sí ẹ̀bi nínú rírà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rà á wà lábẹ́ ìpinnu ẹni tí ó tà á. ArcMap tí ọ̀pọ̀ awọnlẹ̀ kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é kéde pé ìtìlẹ́yìn fún un dópin ní oṣù kẹta ọdún 2026. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò gbọ́dọ̀ tún kọ́ òmíràn.

Ti ọ̀fẹ́ náà ní ìnáwó tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọ̀fẹ́, iná kì í ṣe ọ̀fẹ́, àkókò ẹni tí yóò kọ́ ọ kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí ó bá bàjẹ́, kò sí ilé-iṣẹ́ kan tí ó jẹ gbèsè àtúnṣe fún ẹni tí ń lò ó, àfi bí ó bá háyà ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó wù ní nínú rẹ̀ fún abúlé ni pé, lẹ́yìn tí a bá ti gbà á sórí kọ̀ǹpútà tán, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán láti ojú ọ̀run tí a lè lò pẹ̀lú rẹ̀ kò gba owó pẹ̀lú: ọ̀fẹ́ ni àwòrán sátẹ́láìtì Landsat ti Amẹ́ríkà láti ọdún 2008.

Ọ̀nà kẹta kan wà tí àwọn kan ń tọ̀, ṣùgbọ́n tí kò yẹ ọmọlúàbí: kí a ji ẹ̀dà ètò oníṣòwò lò. Olè ni, àrùn kọ̀ǹpútà a sì máa bá irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ wọlé, tí yóò ba iṣẹ́ ọdún púpọ̀ jẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí èyí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ ti wà, kò sí àwáwí fún un.

Ohun kan sì wà tí èkínní tàbí èkejì kò lè ṣe fún aláìmọ̀. Mínà ni orírun tí wọ́n ti ń wọn ilẹ̀ Nàìjíríà láti ayé àwọn òyìnbó, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ àtijọ́. Ẹ̀rọ GPS inú fóònù kì í lo orírun náà. Bí ènìyàn bá da ìwọ̀n méjèèjì pọ̀ láìṣe àyípadà tí ó yẹ, ààlà yóò sún ní ọ̀pọ̀ mítà, oko ẹnìkan yóò sì di ti ẹlòmíràn lórí àwòrán. Ètò méjèèjì lè ṣe àyípadà náà, bí ẹni tí ó jókòó sí ìdí rẹ̀ bá mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè fún un. Bákan náà, ètò yòówù kí a lò, ìwé ilẹ̀ tí yóò dúró níwájú òfin ṣì gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ awọnlẹ̀ tí ó ti forúkọ sílẹ̀.

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ kan tó fọwọ́ sí owó, kí ó béèrè ohun mẹ́rin. Iṣẹ́ wo ni a fẹ́ ṣe gan-an? Ta ni yóò máa lò ó, ta sì ni yóò gba ipò rẹ̀ bí wọ́n bá gbé e lọ sí ibòmíràn? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ ní ọdún tí owó ìwé àṣẹ kò bá jáde? Ṣé a ń kó àkọsílẹ̀ náà pamọ́ ní irú èyí tí ètò mìíràn lè ṣí? Ìbéèrè kẹrin yìí ni ó wúwo jùlọ. Ètò lè lọ kí òmíràn dé, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ oko, kànga àti ọ̀nà jẹ́ ti àwọn ará ìlú. Ìlú tí ó bá tì í mọ́ inú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àlejò ti fi ogún rẹ̀ dógò.

Fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ní Ìfọ̀n, Ìdóàní, Ùṣò tàbí Ìpele, èyí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí iṣẹ́ bá dàgbà jù ú lọ, a lè ra òmíràn nígbà náà, àkọsílẹ̀ náà yóò sì bá a lọ. Kí a fi owó tí ó kù kọ́ ènìyàn. Ibi ìkọ́ṣẹ́ kò jìnnà: ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ ń kọ́ni ní ìmọ̀ yìí, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́, bẹ́ẹ̀ ni AFRIGIST wà ní Ilé-Ifẹ̀, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1972 fún àwọn ilẹ̀ Áfíríkà.

Ìkìlọ̀ kan ni ó kù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi orúkọ tàbí ilé aláìsàn hàn lórí àwòrán tí gbogbo ènìyàn yóò rí, wọ́ọ̀dù tó. Àwòrán tí a yà láti dá ẹ̀mí sí kò gbọ́dọ̀ di ohun tí a fi ń nàka sí ọmọnìkejì.

Àwọn àgbà tí wọ́n mọ ibi tí pèrègún wà kò ní wà títí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ bá wọn rìn yí ààlà ká nísinsìnyí, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.