Ìwọ̀n Omi Ni Ìwọ̀n Pápá: Bí A Ṣe Lè Ṣe Gọ́ọ̀fù Kékeré Láì Ba Ilẹ̀ Jẹ́

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń bi ara wọn léèrè pé kí ló da onímọ̀ ilẹ̀ àti omi pọ̀ mọ́ eré àwọn olówó. Ilẹ̀ tí eré náà ń jẹ ló dà wá pọ̀. Pápá gọ́ọ̀fù oníhò 18 sábà máa ń gba nǹkan bíi hẹ́kítà 50 sí 80, bẹ́ẹ̀ sì ni omi, ajílẹ̀ àti oògùn ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní ilẹ̀ wa, ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní kékeré.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí 18 yẹn, nítorí òun ló ń ti ọ̀pọ̀ èèyàn sínú gbèsè. Kì í ṣe òfin Ọlọ́run. Ní St Andrews ní Scotland, ihò 22 ni àyíká kan jẹ́ títí di ọdún 1764, nígbà tí wọ́n da àwọn kan pọ̀ tó fi di 18. Ní Prestwick, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje Open lọ́dún 1860, ihò 12 péré ni pápá náà ní. Ọkùnrin mẹ́jọ ló kópa nínú ìdíje náà. Wọ́n yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó tán. Ìdíje tó lókìkí bẹ́ẹ̀ yẹn, orí pápá kékeré ni wọ́n bí i sí. Fún ìlú tó pọ̀ jù nínú àwọn ìlú wa, ihò mẹ́sàn-án lórí hẹ́kítà 20 sí 25 tó. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ń fẹ́ 18, kó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, omi ni eku. Òjò ọdún kan ní Ìbàdàn máa ń lé ní mìlímítà 1,200, èyí tó pọ̀ lójú ẹni tó ń kà á nínú ìwé. Ṣùgbọ́n láti oṣù Belu títí wọ oṣù Ẹ̀rẹ̀nà, ìkán díẹ̀díẹ̀ la máa ń rí. Ẹni tó bá ya àwòrán pápá rẹ̀ ní oṣù Okúdù, nígbà tí gbogbo ewé tutù yọ̀yọ̀, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ. Oṣù Èrèlé ni kó yà á, nígbà tí ọyẹ́ ti gbẹ́ ètè, tí kànga ti ń fi ìdí hàn.

Ẹ mú bírò, ká jọ ṣírò. Omi tó nípọn ní mìlímítà kan péré, tí a bá tẹ́ ẹ sórí hẹ́kítà kan, 10,000 lítà ni: táǹkà ńlá kan, irú èyí tó ń gbé omi kiri àdúgbò. Koríko tí a fẹ́ kó máa tutù nínú ẹ̀ẹ̀rùn lè mu tó mìlímítà 5 lójúmọ́. Green ni ibi tí koríko ti kúrú jù, tí ihò wà láàárín rẹ̀. Bí green mẹ́sàn-án, àti ọ̀kan tí wọ́n fi ń dánra wò, bá jẹ́ mítà onígun-mẹ́rin 500 lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ kò ju ìdajì hẹ́kítà lọ. Táǹkà méjì àbọ̀ lójúmọ́ nìyẹn. Fairway, ìyẹn ọ̀nà gbọọrọ tí bọ́ọ̀lù ń gbà dé ibẹ̀, lè tó hẹ́kítà 6: táǹkà 30 lójúmọ́. Fún ọjọ́ 120 tí ẹ̀ẹ̀rùn fi ń mú dáadáa, green yóò mu táǹkà 300, fairway yóò mu 3,600. Ibi tí owó yín ń lọ àti ibi tí kànga àwọn aládùúgbò yín ń gbẹ sí nìyẹn.

Nítorí náà, ìdáhùn mi kò lọ́ tìkọ̀: ẹ má bomi rin fairway. Koríko Bahama tí gbogbo wa mọ̀ ní etí títì máa ń pọ́n, á sì gbẹ lójú, àmọ́ ìtàkùn abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kì í kú. Òjò àkọ́rọ̀ ni yóò jí i. Bọ́ọ̀lù sì ń yí jìnnà lórí ilẹ̀ líle, èyí tí àwọn àgbà eré náà fẹ́ràn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé pápá tó pọ́n kò bójú mu, ẹ ní kó lọ bi wọ́n ní Pinehurst, ní North Carolina. Láàárín 2010 sí 2011, àwọn ayàwòrán pápá, Bill Coore àti Ben Crenshaw, hú nǹkan bíi hẹ́kítà 14 koríko tí wọ́n ń bomi rin kúrò lórí pápá No. 2, wọ́n dá yanrìn àti koríko ìgbẹ́ padà sáyè rẹ̀. Orí ẹ̀rọ ìfọ́nmi tó lé ní 1,000 dín kù di nǹkan bíi 450. Lọ́dún 2014, ìdíje US Open ti ọkùnrin àti ti obìnrin tẹ̀lé ara wọn lórí pápá náà, gbogbo ayé sì rí i lórí tẹlifíṣọ̀n bó ṣe pọ́n.

Ó wá ku omi green, èyí tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Táǹkà 300 jẹ́ lítà mílíọ̀nù mẹ́ta. Adágún tó fẹ̀ tó mítà onígun-mẹ́rin 3,000, tó jìn ní mítà méjì, ń gba mílíọ̀nù mẹ́fà. Oòrùn náà yóò mu tirẹ̀: ní oṣù mẹ́rin ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè fa nǹkan bíi ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn bíi mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin lítà. Ohun tó ṣẹ́kù ṣì kárí green, ó tún ṣẹ́kù fún ibi ìbẹ̀rẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí adágún fi gbọ́dọ̀ jìn. Èyí tó tẹ́ rẹrẹ, tó dára ní fọ́tò, oòrùn ló ń bọ́. Ẹ gbẹ́ ẹ síbi tí amọ̀ wà, ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí àgbàrá òjò máa wá a wá fúnra rẹ̀. Kànga ẹlẹ́rọ kò burú fún ọjọ́ ìṣòro, ṣùgbọ́n pápá tó bá gbára lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀tá abúlé tó yí i ká, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ yóò sì máa mu dísù bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Nípa koríko orí green fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àwọn kan tó lókìkí ní ilẹ̀ olóoru, Tifgreen àti Tifdwarf, láti Tifton ní ìpínlẹ̀ Georgia ni wọ́n ti wá, níbi tí onímọ̀ koríko Glenn Burton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí wọn. Koríko Bahama àti ìbátan rẹ̀ kan láti Gúúsù Áfíríkà ni òbí wọn. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà là ń fi dọ́là rà padà! Kò ní irúgbìn, gígé ìtàkùn rẹ̀ là ń gbìn. Ẹ ra díẹ̀, kí ẹ ṣe ebè kan sílẹ̀ tí ẹ ó ti máa tọ́ ọ dàgbà, nígbà tí ẹ bá fi máa parí ilẹ̀ títẹ́, ẹ ó ti ní èyí tó kárí.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ bá mi dé orí green kan ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, nínú oṣù Ọ̀wàrà. Ìrì bolẹ̀ funfun. Òṣìṣẹ́ méjì di okùn gígùn kan mú lórí méjèèjì, wọ́n ń wọ́ ọ lọ láti etí kan dé èkejì. Ibi tí okùn bá gbà kọjá, àwọ̀ koríko á yí padà, á ṣú dúdú. Ewé tó bá wà nínú omi fún ọ̀pọ̀ wákàtí ni àrùn olú ń wọ̀ lára, ìrì tí wọ́n sì gbọ̀n dà nù yẹn ni àrùn ìbá fi gbérí. Okùn náà kò ju owó pọ́ọ́kú lọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pa á tì, tí wọ́n ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà ra oògùn lóṣooṣù fún àrùn tí okùn ìbá lé lọ.

Gíga koríko tún wà níbẹ̀. Fún ìdíje ńlá, wọ́n ń gé e dé mìlímítà 3, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀, kí bọ́ọ̀lù lè sáré. Ewé ni ilé ìdáná koríko: bí a bá gé e tán, gbòǹgbò ò ní rí jẹ. Gbòǹgbò tí kò rí jẹ kì í wọlẹ̀ jìn, èyí tí kò wọlẹ̀ jìn ń fẹ́ omi lójoojúmọ́, ilẹ̀ tó ń tutù lójoojúmọ́ ń bí àrùn, àrùn ń pe oògùn. Ẹ gbé abẹ ẹ̀rọ sókè dé mìlímítà 5. Àwọn agbágọ́ọ̀fù yóò kùn pé green lọ́ra. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn. Mìlímítà méjì yẹn yóò dín owó omi àti oògùn yín kù ju ẹ̀rọ olówó gọbọi èyíkéyìí lọ.

Àwọn tó ti gbá gọ́ọ̀fù tipẹ́ ní Nàìjíríà yóò máa rò ó pé ṣebí brown, ìyẹn green oníyanrìn, wà. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ sọ. Yanrìn tí wọ́n fi ọ́ìlì pò, tí kádì, ẹni tó ń gbé igi gọ́ọ̀fù fún ọ̀gá, máa ń tẹ́ kó dán kí ọ̀gá tó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, kò mu omi kankan. Kódà Pinehurst No. 2 yẹn, green oníyanrìn ló ní títí di àárín àwọn ọdún 1930. Ohun tó burú níbẹ̀ ni ọ́ìlì náà. Ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù láti ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì ní èérí irin àti ti iná nínú, òjò sì ń fọ̀ ọ́ lọ sínú ilẹ̀. Bí ìlú kan kò bá lágbára adágún, mo fara mọ́ brown oníyanrìn tí wọ́n ń wọ́n omi díẹ̀ sí láàárọ̀, tí wọ́n ń gbá, láìsí ọ́ìlì. Bọ́ọ̀lù kì í yí níbẹ̀ bíi ti orí koríko. Ṣùgbọ́n ó sàn ju green tó gba omi mímu lẹ́nu ìlú.

Lórí oògùn, n kò ní pẹ́. NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti fòfin de oògùn apakoríko paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, nítorí náà ẹni tó bá ṣì ń fọ́n ọn ń rú òfin. Lórí ìdajì hẹ́kítà, ọ̀bẹ kékeré àti òṣìṣẹ́ mẹ́rin lè yọ èpò kúrò, owó oògùn á sì di owó oṣù ọmọ ìlú. Ajílẹ̀, ẹ fi díẹ̀díẹ̀ fún un. Ẹ má fi ṣáájú òjò ńlá, kó má baà di oúnjẹ èpò inú odò. Etí odò ní tirẹ̀, ẹ fi mítà mẹ́wàá sílẹ̀ fún eésún àti ọparun, kí ẹnikẹ́ni má fọ́n ohunkóhun síbẹ̀. Kòtò oníyanrìn tí wọ́n ń pè ní bunker ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan tí òjò wa bá rọ̀ dáadáa, gbogbo yanrìn á ti ṣàn lọ, tipper á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti etí odò tí wọ́n ń wa yanrìn. Ẹ gbẹ́ kòtò, kí ẹ gbin koríko sínú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá kó síbẹ̀ á jìyà tó.

Nínú hẹ́kítà 20 sí 25 yẹn, ibi tí abẹ ń kàn kò yẹ kó ju mẹ́jọ lọ. Ìyókù, ẹ fi sílẹ̀ fún igbó, ẹ má sì jẹ́ kí katapílà débẹ̀. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ hú èpò tí wọ́n ń pè ní ewé Akíntọ́lá, kí ẹ sì dáàbò bo igi igbá tó ń so irú àti ìrókò tó bá wà. Ẹ ó gbọ́ ẹjọ́ ejò, ẹ ó sì gbọ́ ti bọ́ọ̀lù tó sọnù. Iná ọyẹ́ ló yẹ kó ká yín lára jù, fairway tí a gé mọ́lẹ̀ sì ni odi iná tó dára jù lọ. Ní ọgbà ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967, pápá gọ́ọ̀fù oníhò mẹ́sàn-án, adágún àti igbó tó lé ní hẹ́kítà 300 jọ wà nínú odi kan. Nínú igbó náà ni Ibadan malimbe wà, ẹyẹ kan nínú ìdílé ẹ̀gà tí kò sí níbòmíràn láyé àfi gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Gọ́ọ̀fù kọ́ ló gba igbó yẹn là, odi àti ìṣọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọgbà náà fi hàn pé gọ́ọ̀fù àti igbó lè jọ gbé.

Mo fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe ìkẹyìn nítorí òun ló máa ń fa ìjà. Ní erékùṣù South Uist, ní ìwọ̀-oòrùn Scotland, gbajúmọ̀ agbágọ́ọ̀fù Old Tom Morris fi ẹsẹ̀ wọn pápá kan sí Askernish lọ́dún 1891, lórí ilẹ̀ oníyanrìn létí òkun. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, púpọ̀ nínú rẹ̀ di ibi ìjẹko, àwọn èèyàn gbàgbé ibi tí àwọn ihò wà. Lọ́dún 2005 ni wọ́n tún rí àmì rẹ̀. Ní 2006, ilé-iṣẹ́ tí àwọn ará ìlú dá sílẹ̀ ra gbogbo ilẹ̀ náà. Kí wọ́n tó ṣí pápá ní 2008, àwọn kan lára àgbẹ̀ tó ní ẹ̀tọ́ ìjẹko níbẹ̀ fárí gá, ọ̀rọ̀ sì dé ilé ẹjọ́. Lónìí, ẹran ń jẹ lórí pápá náà nígbà òtútù, agbágọ́ọ̀fù ń gbá a nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn kì í sì í fọ́n oògùn sí i. Ìdí tí wọ́n fi rí i padà ni pé kò sí ohun tí wọ́n kọ́ lé e.

Bí ẹbí kan bá fẹ́ fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀ fún irú pápá báyìí nílẹ̀ Yorùbá, èmi ò ní gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n tà á. Kí wọ́n máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, kí lọ́yà sì kọ àwọn ohun wọ̀nyí sínú ìwé. Àgùntàn abúlé lè jẹ lórí fairway láti ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan tí a dárúkọ. Àwọn obìnrin ló ni èso igbá, wọ́n sì lè wọlé ká a. Ọmọ iléèwé ìlú yóò gbá bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí pápá bá dá. A ò ní da kọnkéré sórí ọ̀nà kankan, àfi ibi ilé ìgbafẹ́. Ilẹ̀dú tí wọ́n bá wà kúrò nígbà tí wọ́n ń tẹ́ green, kí wọ́n kó o jọ sí igun kan nínú ọgbà, kí ẹnikẹ́ni má tà á, kí wọ́n gbin ewéko lé e lórí kí àgbàrá má kó o lọ, nítorí bí pápá kò bá pawó wọlé láàárín ọdún mẹ́wàá, àgbàdo ni wọ́n máa fi gbìn.