Ọdún Ta Ni À Ń Kà?

 

Ẹ ti mọ̀wé kà báyìí. Ẹ ó máa rí A.D. lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún. Àwọn kan ní "lẹ́yìn ikú Jésù" ni. Rárá o. Èdè Látìn ni, ó túmọ̀ sí "ní ọdún Olúwa". Láti ìbí Jésù ni wọ́n ti ń kà á. Bó bá ṣe láti ikú rẹ̀ ni, níbo la ó fi ọdún tó lò láyé sí? Dionysius, ọmọwé ìjọ kan ní Róòmù, ló gbé ìṣirò náà kalẹ̀ ní 525.

Mùsùlùmí ń ka tirẹ̀ láti ìgbà tí Ànábì Muhammad ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà, ní 622. Òṣùpá ni wọ́n ń tẹ̀ lé, nítorí náà ọdún wọn fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kéré. Ọjọ́ 4 ni ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa. A ń pè é ní ọrún nítorí pé a ń ka ọjọ́ ọjà méjèèjì mọ́ ọn.

Nísinsìnyí, àwọn òǹkọ̀wé kan ti ń kọ C.E. dípò A.D., ìyẹn "sànmánì gbogbo ènìyàn". Wọ́n ní kí a má fi ẹ̀sìn kan sẹ́nu gbogbo ayé. Onígbàgbọ́ kan lè ní, "Ẹ fẹ́ gba ògo Jésù!" Ẹlòmíràn a ní, "Ṣebí ibi kan náà lẹ ṣì ti ń kà á?" Ọ̀rọ̀ ọdún kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fún àwọn ènìyàn ní ìsinmi ọdún tuntun Mùsùlùmí ní 2012, inú àwọn kan dùn, àwọn kan bínú.

Kí ni àwa wí? Ẹ wo àlàáfíà ogun Kírìjí, tí Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí jà. Ọjọ́ 23 oṣù September, 1886 ni. Ẹ kọ A.D., ẹ kọ C.E., 1886 náà ni. Ṣùgbọ́n ní kíkà Mùsùlùmí, 1303 ni. Ẹni tó bá kọ 1303 láìsọ irú kíkà tó lò, ó ti ṣi ará yòókù lọ́nà.

Nítorí náà, nínú ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìbí ọmọ, ẹ kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún tí ìjọba ń lò. Ẹ má tẹ̀ka, ẹ má fọwọ́ sí i, bí ẹ kò bá tíì rí ọdún níbẹ̀. Nílé yín, ẹ pe ọdún bí ẹ̀sìn yín ti pè é. Ní kíláàsì wa, nọ́ńbà nìkan la ó kọ sí pátákó, kí Músá àti Máíkẹ́lì lè jọ jókòó kàwé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.