Òtútù Orí Òkè Kì Í Ṣe Òtútù Ibùdókọ̀

Àwa tí a kó àwọn ìdílé lọ sí òkè Yr Wyddfa ní Wales, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Snowdon, ni wọ́n ní kí a wá sọ ohun tí ojú wa rí, nítorí a gbọ́ pé àwọn mìíràn ń múra àtilọ.

Ìrìn náà dùn. A jẹ mọ́ínmọ́ín nínú bọ́ọ̀sì, a kọrin dé ọ̀hún. Oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni, oòrùn ń ràn nísàlẹ̀, ni púpọ̀ nínú wa bá fi kóòtù sílẹ̀. Àṣìṣe wa nìyẹn. Òkè náà ga tó mítà 1,085. Bí a bá ti gun bíi mítà 150, ooru á dín ní digiri kan. Kí ẹ tó dé téńté, ó ti tó mẹ́fà tàbí méje. A ò tíì ka atẹ́gùn àti òjò mọ́ ọn o.

Àárín ọ̀nà ni òjò ti ká wa mọ́. Ọmọbìnrin wa kan, ọmọ ọdún 11, wọ jíǹsì àti ẹ̀wù olówùú. Aṣọ olówùú tó bá ti rin, ńṣe ló ń fa ooru kúrò lára. Ọmọ náà gbọ̀n, ó gbọ̀n, nígbà tó yá kò gbọ̀n mọ́, ó wá ń kọsẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ń lọ́. Ìyá rẹ̀ rò pé inú ló ń bí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí òtútù mú tí kò gbọ̀n mọ́, ara rẹ̀ kò tíì yá o. Ewu ló dé yẹn.

Màmá kan ti yọ Aboniki pé kí a fi ra á lẹ́sẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì kan láàrin wa. Ó ní a kì í ra ẹni bẹ́ẹ̀ lára, a kì í gbé e sínú omi gbígbóná, a kì í fún un lọ́tí. A gbé e sẹ́yìn àpáta, a bọ́ aṣọ tútù, a wọ gbígbẹ fún un títí kan fìlà, a fún un ní tíì oníṣúgà díẹ̀díẹ̀, nítorí ó ṣì lè gbé e mì.

Ó ku ká pe 999, làwọn kan bá ń rojọ́: ta ni yóò sanwó? Ṣé wọn ò ní béèrè ìwé ìgbélùú? Ẹ gbọ́ o, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ béèrè ọlọ́pàá, kí ẹ wá sọ pé àwọn agbẹ̀mílà orí òkè lẹ fẹ́. Àwọn tó yọ̀ọ̀da ara wọn ni. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gbé èèyàn sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n yẹ ìwé wò. Bí fóònù kò bá lọ, ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹfà láàrin ìṣẹ́jú kan, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún fọn ọ́n. Wọ́n gbé ọmọ wa sọ̀kalẹ̀, ara rẹ̀ sì yá.

Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, bọ̀ọ̀dá kan tún fẹ́ gbé èédú tí a fi yan ẹran wọnú àgọ́ kí ibẹ̀ lè móoru. A lọgun! Èédú tó dà bí ẹni pé ó ti kú ṣì ń tú gáàsì carbon monoxide, tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀. Ẹni tó bá sùn tì í lè má jí. Ìta ni kó wà. Ẹní tó nípọn ni kí ẹ tẹ́ sábẹ́ àpò ìsùn, torí ilẹ̀ náà ń fa ooru ara.

Ẹ̀wù òjò mẹ́wàá wà ní ọ́fíìsì wa báyìí. Ẹ wá yá a kí ẹ tó lọ, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá a kó gbẹ kí ẹ tó dá a padà.