Ẹsẹ̀ Ni Ẹṣin: Ohun Tí Dúrójayé Kọ́ Mi
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

 

Nígbà tí akọ̀wé wa bi mí léèrè ohun tí mo ń fi ìfẹ̀yìntì mi ṣe, mo ní ẹṣin kan ni mò ń tọ́jú. Ẹ̀rín pa á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹṣin kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ jẹ Balógun ni?" Ẹ̀yin náà ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tán, kí ẹ wá gbọ́ mi.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, mo lọ ra iṣu ní ọ̀nà Ọ̀yọ́. Bí mo ti ń bọ̀, mo rí ẹṣin kékeré kan tí wọ́n so mọ́gi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Irú ẹṣin tí àwọn ọmọdé máa ń gùn ya fọ́tò níbi àríyá ni. Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Pátákò ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ti gùn, ó ká sókè bí imú sálúbàtà. Olówó rẹ̀ ní alápatà lòun ń dúró dè. Èmi tí mo ní mo lọ ra iṣu, ẹṣin ni mo fi ọkọ̀ akẹ́rù kó wálé. Ìyàwó mi wò ó, ó wò mí, ó ní, "Dádì, iṣu wo nìyí?"

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe wá nìyí, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Mo rò pé ebi nìkan ló ń ṣe é. Ọmọ tó bá rù, oúnjẹ la ń fún un, àbí? Àgbàdo, ọkà bàbà, dùsà, mo ń bù ú fún un láàárọ̀ lálẹ́. Ó ń jẹ, inú mi ń dùn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo bá a níbi tó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì síwájú, tó gbé ara lé tẹ̀yìn, bí ẹni tó tẹná. Mo fà á, kò ṣí ẹsẹ̀. Mo fọwọ́ kan pátákò rẹ̀, ó gbóná.

Dókítà ẹranko tó wá, ọmọbìnrin tí mo lè bí ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi tán, ó lọ bẹ̀rẹ̀ ti ẹsẹ̀ ẹṣin. Ó fi ìka méjì kan ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ gbà, ó ní ó ń lù kìkìkì. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sà, kí lẹ ń fún un jẹ?" Nígbà tí mo kà á tán, ó mirí. Ó ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní laminitis ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe yé mi. Pátákò dà bí èékánná wa, ṣùgbọ́n egungun wà nínú rẹ̀. Ohun tó so egungun yẹn mọ́ ara pátákò ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wọ inú ara wọn, bí ìgbà tí a fi ojú ewé ìwé méjì há ara wọn. Ibẹ̀ ni ìwúwo ẹṣin gbé kọ́. Bí ẹṣin bá jẹ ọkà lájẹjù lójijì, oúnjẹ náà á kan nínú ìfun rẹ̀, májèlé á wọ ẹ̀jẹ̀, awọ yẹn á wú, á sì máa já. Egungun á yí nínú pátákò. Bó bá burú, ó lè lu àtẹ́lẹ̀ jáde. Ẹṣin kékeré mìíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ṣúgà inú koríko tútù lásán ti tó láti dá a dùbúlẹ̀.

Dókítà wá fi àwọn ìlà kan hàn mí lára pátákò náà, wọ́n sún mọ́ra níwájú, wọ́n jìnnà síra ní gìgísẹ̀. Ó ní àìsàn yìí ti ṣe é rí kó tó dé ọwọ́ mi. Ìtàn ayé ẹṣin náà wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi tí mo kàwé tó báyìí, n kò lè kà á.

Ó ní ọ̀nà méjì ló wà: ká fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn lọ láìjẹ̀rora, tàbí ká tọ́jú rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan. Pátákò kì í hù ju nǹkan bí mìlímítà 6 sí 10 lọ lóṣù. Èyí tó ti bàjẹ́ kò ní jinná. Tuntun ni yóò ti òkè hù wá sílẹ̀. Mo ní, "Dókítà, tó bá jẹ́ tiyín ńkọ́?" Ó ní, "Bàbá, tí ẹ bá ní sùúrù, ẹ jẹ́ ká gbìyànjú. Tí kò bá sí sùúrù, ẹ jẹ́ kó lọ lónìí."

Mo ní kò níí lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, omi yìnyín la fi ń rẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ìyàwó mi tó ń bínú sí mi ló ń ra yìnyín kiri. Dókítà fún un ní oògùn ìrora. A da yanrìn rírọ̀ sílẹ̀ kó nípọn kó lè dùbúlẹ̀. Àwọn kan ní ká máa fà á rìn kí ara rẹ̀ lè nà. Dókítà ní a ò gbọ́dọ̀ dán an wò. Òru ọjọ́ kejì ni mo sọ ọ́ ní Dúrójayé, bí a ti ń sọ àbíkú.

A gbé ọkà kúrò pátá. Ó wọn nǹkan bí kílò 200, nítorí náà kílò 3 koríko gbígbẹ la ń wọ̀n fún un lójúmọ́. A ó rẹ ẹ́ sínú omi fún wákàtí kan kí ṣúgà rẹ̀ dínkù, a ó da omi náà nù. A kì í sì í febi pa á o, torí ọ̀rá lè kún ẹ̀jẹ̀ ẹṣin kékeré tí ebi bá pa lójijì, ìyẹn náà a sì máa pa á. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà, ọkùnrin ará Ìlọrin kan tó mọṣẹ́ ń gé pátákò náà díẹ̀díẹ̀.

Ní oṣù kẹrin, ó tún ń tiro lójijì. Mo ní ó ti parí. Ọyún ló gbá jọ sínú pátákò. Dókítà lu ọ̀nà fún un, ó fún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, torí àìsàn yẹn kì í fi ẹṣin ṣeré.

Ní ìparí ọdún 2022, pátákò tuntun délẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó gbọ́ ìró báágẹ́ẹ̀tì mi, ó sì sáré. Kò sáré jìnnà o, láti abẹ́ mángòrò dé ẹnu géètì ni. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mo sunkún. Ẹnikẹ́ni kò ní gùn ún mọ́ láéláé, ṣùgbọ́n ó ń rìn.

Ẹ̀yin tí ilé yín ń sin ẹṣin, pàápàá ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú tí ń gun ẹṣin lọ sí Ojúde Ọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ mi:

1. Ẹ máa gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́, kí ẹ ha ìdọ̀tí kúrò. Bó bá dúdú tó sì ń rùn, ilẹ̀ tútù àti ìgbẹ́ ló fà á. Ẹ jẹ́ kí ibùjẹ rẹ̀ gbẹ.
2. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ máa gé pátákò ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8.
3. Koríko ni oúnjẹ ẹṣin. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ oúnjẹ, ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.
4. Bí pátákò bá gbóná tó sì ń fẹ̀yìn dúró, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ọ̀rọ̀ tó kù, ti gbogbo wa ni. Ọjọ́ tí mo ra Dúrójayé, mo rò pé mo ti gbà á là. Irọ́ ni. Owó lásán ni mo san lọ́jọ́ náà. Oúnjẹ àánú mi ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ọdún kan tó tẹ̀lé e ni ìgbàlà. Bí ẹgbẹ́ wa bá san owó ilé-ìwé ọmọ kan ní sáà kìn-ín-ní, tí a ya fọ́tò, tí a sì gbàgbé rẹ̀ ní sáà kejì, ọkà la bù fún ẹṣin yẹn. Ẹ jẹ́ ká máa gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà wò.