Ọgbà Orí Omi: Kí A Kọ́kọ́ Mọ Ọ̀nà Tí Omi Ń Gbà

Bí àgbà bá ń súre, wọn a ní ojú-oró ní í lékè omi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ewé tí ó lékè omi ni ó ń mú ire wá. Ní ọdún 1984, èpò omi kan gba ojú odò wá láti orílẹ̀-èdè Benin, ó wọ Bàdágírì, ó sì tàn ká ọ̀sà Èkó. Ọkọ̀ kò rọ́nà kọjá, àwọ̀n apẹja sì ń ya. Ohun tí ń bọ́ irú èpò bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbin tí ń ṣàn wọ inú omi láti ilé àti oko, pàápàá náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, àwọn èròjà kan náà tí ó wà nínú ajílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti rí i pé ewéko kan náà lè kó ẹ̀gbin wọ̀nyí jáde, bí a bá dè é mọ́ ojú kan. Wọn a kan pèpéle tí ó ń léfòó, wọn a gbin koríko sórí rẹ̀, gbòǹgbò a sì rọ̀ sínú omi. Lára gbòǹgbò náà ni àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ń gbé. Àwọn ni wọ́n ń sọ náítírójìn di atẹ́gùn tí ń fò lọ. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í fò lọ ní tirẹ̀: inú ẹrẹ̀ tàbí inú ewé ni í wọ̀. A gbé irú ọgbà bẹ́ẹ̀ sójú adágún Neknampur ní Hyderabad, ilẹ̀ Íńdíà, ní ọdún 2018.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé omi a máa wá ibi tí kò sí ìdènà. Bí gbòǹgbò bá ṣù pọ̀, tí adágún sì jìn, omi a gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ìdajì omi bá gba abẹ́ lọ, bí gbòǹgbò tilẹ̀ fọ ìdajì yòókù mọ́ tónítóní, ìdajì ẹ̀gbin ti jáde. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń kọ́kọ́ ṣírò ìrìn omi lórí kọ̀ǹpútà: bí omi ti jìn tó, bí gbòǹgbò ti gùn tó, iye wákàtí tí omi yóò lò láàárín rẹ̀. Wọn a da aró sí ibi tí omi ń gbà wọlé, wọn a sì ka àkókò tí yóò fi yọ ní ibi ìjáde, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìṣirò bá òótọ́ mu. Aṣọ tí ó nípọn, tí a ta sínú omi bí ògiri, lè darí omi náà sí gbòǹgbò.

Bí a kò bá gé koríko kó kúrò lásìkò, yóò jẹrà, yóò sì dá ohun tí ó jẹ padà fún omi. Bí a bá sì bo gbogbo ojú omi, ẹja kò ní rí atẹ́gùn mí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ọgbà yìí wá fún ìlú kan ní Nàìjíríà, ẹwà òdòdó kọ́ ni kí àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ bèèrè, bí kò ṣe ọ̀nà tí omi yóò gbà. Igi gànnàgànnà má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.